Báwo Ni Obìnrin Ṣe Ń Fi Eré Ọ̀nà Jíjìn Jẹun?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wo obìnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n bí ó ti gbégbá orókè nínú eré máratọ́ọ̀nù, tí wọn a sì máa retí pé àwọn yóò tún rí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí a ti ń rí agbábọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́fà lè kọjá kí ó tó tún yọjú. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó gba ipò kìíní ní ìlú ńlá kan kò ní sí nínú ikọ̀ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kó lọ sí Òlíḿpíìkì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìròyìn kan yóò sọ pé ó fi àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun lélẹ̀, òmíràn yóò sọ pé ẹlòmíràn ni ó ni àkọsílẹ̀ náà, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ. Ohun tí ó fa gbogbo ìrújú yìí ni pé ohun tí a ń rí lọ́jọ́ eré kéré púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ̀gá tí ń san owó oṣù fún asáré ọ̀nà jíjìn. Àdéhùn ni ó gbé e ró, ara rẹ̀ nìkan ni ó sì ní láti fi mú àdéhùn náà ṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí àdéhùn àti ara ṣe ń fa ara wọn yóò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ó dà bí àdììtú kò ṣòro láti yé.

Lórí pápá, eré ọ̀nà jíjìn ni ti mítà 5,000 àti ti mítà 10,000. Lójú títì, ó lè jẹ́ kìlómítà 10, ó lè jẹ́ àbọ̀ máratọ́ọ̀nù, ó sì lè jẹ́ máratọ́ọ̀nù gan-an, tí í ṣe kìlómítà 42 àti mítà 195. Ó yẹ kí a mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba obìnrin láàyè nínú àwọn eré wọ̀nyí. Ní ọdún 1928, ní Amsterdam, obìnrin sá mítà 800 ní Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn aláṣẹ ní eré náà ti le jù fún obìnrin, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò títí di ọdún 1960. Bobbi Gibb sá máratọ́ọ̀nù Boston ní 1966 láìní nọ́ńbà láyà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Kathrine Switzer wọ nọ́ńbà 261, aláṣẹ kan sì sáré wọ ojú ọ̀nà láti já nọ́ńbà náà kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1972 ni Boston tó ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin. Máratọ́ọ̀nù obìnrin kò wọ Òlíḿpíìkì títí di 1984, nígbà tí Joan Benoit sá a ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 ní Los Angeles. Mítà 10,000 dé ní 1988, mítà 5,000 ní 1996. Ẹni tí ó ti pé àádọ́ta ọdún lónìí dàgbà ju máratọ́ọ̀nù obìnrin ní Òlíḿpíìkì lọ. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé apá kan nínú òfin iṣẹ́ yìí ṣì dà bí èyí tí wọ́n kọ láìrántí obìnrin.

Orí ọ̀rọ̀ owó ni àṣìlóye ti pọ̀ jù. Owó ẹ̀bùn ni ìròyìn máa ń kà fún wa: ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Chicago àti New York ń fún obìnrin tí ó bá ṣe ipò kìíní ní dọ́là 100,000, Boston ń fún un ní 150,000, London sì ń fún un ní 55,000. Lójú ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, London ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dù láti lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yára jù ní àgbáyé ni ó máa ń pàdé níbẹ̀. Owó ìyọjú ni ó fà á. Èyí ni owó tí àwọn olùṣètò eré ń san fún asáré tí orúkọ rẹ̀ ti ró, kìkì nítorí pé ó gbà láti wá sá lọ́dọ̀ wọn. Inú ìwé àdéhùn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn kì í kéde rẹ̀, ó sì lè ju owó ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa ń dá owó àjẹmọ́nú sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá sá wọ inú iye àkókò kan tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó onígbọ̀wọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà eré ìdárayá a máa bá asáré ṣe àdéhùn ọdún mélòó kan, wọn a sì máa san iye kan fún un lọ́dọọdún, kí ó lè máa wọ bàtà àti aṣọ wọn níbikíbi tí kámẹ́rà bá ti lè rí i. Owó yìí ni ó ń san ilé ibùgbé, tí ó ń bọ́ ìdílé, tí ó sì ń jẹ́ kí ó lè sinmi lọ́sàn-án láàárín ìgbaradì àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ dípò kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ìlà kan máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí ó fún ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gé owó náà: bí asáré kò bá sá tó iye eré tí wọ́n dá fún un, bí ó bá já wá sílẹ̀ kúrò ní ipò tí wọ́n kọ sílẹ̀, tàbí bí ó bá fara pa tí ó sì pẹ́ kí ó tó padà. Ìlà yìí ni ó yẹ kí a rántí nígbàkúùgbà tí a bá rí asáré tí ó ń tiro dé ojú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí a sì ń béèrè ìdí tí kò fi dúró sílé.

Nínú ohun tí ó bá wọlé, aṣojú tí ó bá a dúnàádúrà yóò mú tirẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ pé ó jẹ́ ìdá 15 nínú 100. Orílẹ̀-èdè tí eré ti wáyé yóò yọ owó orí. Olùkọ́ ń retí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń wọ́ iṣan fún un àti àwọn ọkùnrin tí ń bá a sáré nígbà ìgbaradì kí ó má baà dá nìkan sá. Owó ẹ̀bùn náà kì í tètè dé, nítorí ó di ìgbà tí èsì àyẹ̀wò oògùn bá jáde láìlábàwọ́n kí wọ́n tó san án. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lókè, ọ̀rọ̀ náà le gan-an: obìnrin tí ó ń sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 30 yára ju ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin tí ń sá eré kan náà, síbẹ̀ ó lè máà rí onígbọ̀wọ́ kankan, kí ó sì máa fi iṣẹ́ mìíràn gbé eré rẹ̀ ró.

Òlíḿpíìkì ńkọ́? Àjọ Òlíḿpíìkì Àgbáyé kì í san owó ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni. Ní Paris, ní 2024, ni World Athletics, àjọ tí ń darí eré sísá ní àgbáyé, kọ́kọ́ fún àwọn tí ó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù nínú eré tirẹ̀ ní dọ́là 50,000. Ohun tí asáré ń wá níbẹ̀, yàtọ̀ sí ògo, ni pé àmì ẹ̀yẹ náà yóò gbé owó àdéhùn rẹ̀ sókè. Láti dé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro. Àyè 80 ni ó wà fún máratọ́ọ̀nù obìnrin ní Paris, àkókò tí wọ́n sì ní kí asáré sá ni wákàtí 2, ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Àwọn obìnrin Kẹ́ńyà àti Etiópíà tí ó lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ jọjọ, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè kan kò lè mú ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Ruth Chepngetich kò sí nínú ikọ̀ máratọ́ọ̀nù Kẹ́ńyà ní Paris. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó sá máratọ́ọ̀nù Chicago ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò sá a láìtó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sá ju máratọ́ọ̀nù méjì lọ lọ́dún? Ìgbaradì fún ẹyọ kan a máa gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nínú èyí tí asáré lè máa sá kìlómítà 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn eré náà, iṣan ẹsẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbádùn padà. Àwọn eré ńlá náà sì tò ara wọn bẹ́ẹ̀: Tokyo, Boston àti London wà láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, Sydney tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2025 wà ní ìparí oṣù kẹjọ, Berlin, Chicago àti New York sì wà láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn, ọdún ti parí. Bí inú bá run ún ní òwúrọ̀ eré, ìdajì ọdún ni ó ṣòfò yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú oṣù ìgbaradì wọ̀nyí ni wọ́n ń lò lórí òkè. Ìlú Iten ní Kẹ́ńyà ga tó mítà 2,400 ju òkun lọ, Bekoji ní Etiópíà, níbi tí Derartu Tulu àti Tirunesh Dibaba ti dàgbà, tún ga jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí kíndìnrín bá mọ̀ pé ọ́síjìn dín kù, yóò tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní EPO sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà yìí ni yóò sì sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó ń gbé ọ́síjìn dé inú iṣan, nítorí náà ẹni tí ó ní i púpọ̀ yóò lè sáré pẹ́. Àwọn kan máa ń béèrè ohun tí ó fà á tí ìròyìn fi ń sọ pé EPO jẹ́ èèwọ̀ nígbà tí ara gbogbo wa ń ṣe é. Ìdáhùn náà ni pé èyí tí ara ṣe fúnra rẹ̀ kò lòdì sí òfin, èyí tí a gún lábẹ́rẹ́ ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fún obìnrin, ọ̀rọ̀ kan tún kù: ara nílò èròjà irin kí ó tó lè ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, obìnrin sì ń pàdánù irin lóṣooṣù nígbà nǹkan oṣù rẹ̀. Bí irin bá tán lára rẹ̀, òkè gíga kò lè ṣe é láǹfààní púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àkọsílẹ̀ àgbáyé méjì tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Ní Berlin àti Chicago, obìnrin àti ọkùnrin jọ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà obìnrin tí ó yára jù lè rí ọkùnrin tí yóò máa sáré níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò máa gba afẹ́fẹ́ fún un, tí yóò sì máa mú ìyára dúró sójú kan. Ní London, àwọn obìnrin ni ó ń kọ́kọ́ gbéra, obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn nìkan ni ó sì lè bá wọn sá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan: Paula Radcliffe sá wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25 ní London ní 2003, pẹ̀lú ọkùnrin tí wọ́n yàn láti bá a sá. Ní 2011, àjọ tí ń darí eré náà sọ pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé mọ́, ariwo sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yí ìpinnu padà, wọ́n sì jẹ́ kí àkọsílẹ̀ méjì wà. Láti ìgbà náà, ti eré àjùmọ̀sá wà lọ́tọ̀, èyí tí ó jẹ́ ti Chepngetich láti Chicago; ti eré obìnrin nìkan wà lọ́tọ̀, èyí tí ó di ti Tigst Assefa ará Etiópíà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí ó sá London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Lójú tèmi, ti obìnrin nìkan ni ó sọ fún wa jù nípa bí obìnrin ṣe ń bá obìnrin díje, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ni àwọn ìwé ìròyìn fẹ́ràn. Boston kò sí nínú méjèèjì: ọ̀nà ibẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ ju bí òfin ti gbà lọ, ibi ìparí rẹ̀ sì jìnnà jù sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ó ti wù kí ènìyàn yára tó níbẹ̀, kò lè jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Apá tí ó kan ara obìnrin gan-an ni wọ́n fi pamọ́ pẹ́ jù, òun sì ni ó bà ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùkọ́ kan ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé bí wọ́n bá ṣe tín-ín-rín tó ni wọn yóò ṣe yára tó, nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá sì dá, wọ́n ní àmì pé ìgbaradì ń lọ dáadáa ni. Irọ́ tí ó léwu ni. Bí oúnjẹ tí asáré ń jẹ kò bá tó agbára tí ó ń ná, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan oṣù yóò dáwọ́ dúró, họ́mónù ẹ́sítírójìn yóò lọ sílẹ̀, egungun tí họ́mónù yìí ń dáàbò bò yóò sì di aláìlágbára títí tí yóò fi sán láìṣubú láìkọlu ohunkóhun. Ní 2014, Àjọ Òlíḿpíìkì Àgbáyé fún ìṣòro yìí ní orúkọ, RED-S, wọ́n sì ṣàlàyé pé ó ń kan ọkàn, ìfun àti ọpọlọ pẹ̀lú. Asáré tí ó fi ọdún méjì yára kánkán, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sán lẹ́ẹ̀mẹta, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni kò jẹ tó, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ.

Oyún náà ńkọ́? Oyún kì í parí iṣẹ́ yìí. Radcliffe bímọ ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó sì gba ipò kìíní ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Peres Jepchirchir ti di ìyá ọmọ kí ó tó gba góòlù máratọ́ọ̀nù ní Òlíḿpíìkì tí wọ́n sá ní 2021. Ohun tí ń pa obìnrin lára ni ìlà àdéhùn tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ń ka oyún mọ́ ìfarapa. Ní 2019, Kara Goucher ará Amẹ́ríkà sọ ní gbangba pé Nike, ilé-iṣẹ́ bàtà tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ òun, dá owó òun dúró títí òun yóò fi tún sáré, tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ní láti sá àbọ̀ máratọ́ọ̀nù ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, ní àkókò tí ọmọ òun ń ṣàìsàn gidigidi. Àwọn obìnrin mìíràn náà sọ tiwọn. Kí ọdún náà tó parí, Nike yí àdéhùn padà, ó ní a kò ní gé owó asáré fún oṣù 18 nítorí oyún. Àwọn obìnrin ni ó jà fún un, wọ́n sì jà fún un nígbà tí ó lè ná wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Àyẹ̀wò oògùn ni apá tí kì í jẹ́ kí asáré ní àṣírí. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, asáré tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ ibi tí yóò máa sùn lóru kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ọgọ́ta ìṣẹ́jú kan lójoojúmọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá a ní ibi tí ó kọ. Bí aláyẹ̀wò bá kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀, obìnrin aláyẹ̀wò yóò bá a wọ ilé ìwẹ̀, yóò sì dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí ìtọ̀ bí ó ti ń jáde lára rẹ̀. Ìtọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlílítà 90; bí kò bá pé, wọn yóò jọ jókòó títí yóò fi tún lè tọ̀. Asáré fúnra rẹ̀ ni yóò pín in sí ìgò A àti ìgò B, tí yóò sì dé wọn pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọn kò bá bá a nílé láàárín oṣù 12, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ lo oògùn kankan. Chepngetich tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè gba ìdádúró ọdún mẹ́ta ní 2025 nítorí oògùn tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ tí ó fún wọn ní oṣù kẹta ọdún náà. Nítorí pé Chicago ti kọjá kí ó tó fún wọn ní ìtọ̀ yẹn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Òfin ni, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà.

Ẹni tí ó ń jìyà jù nínú ọ̀rọ̀ oògùn ni ẹni tí ó ṣe ipò kejì. Ní Boston ní 2014, Buzunesh Deba sá wákàtí 2, ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, Rita Jeptoo sì ṣáájú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ Jeptoo nítorí oògùn, tí wọ́n sì fi Deba jẹ aṣáájú. Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé, owó kò dé, nítorí àwọn olùṣètò ní àwọn kò tíì gba ti Jeptoo padà. Ó di 2024 kí dọ́là 75,000 tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti ọwọ́ aládàáni kan tí ó ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọdún mẹ́wàá pọ̀ nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó ń wọ iṣẹ́ yìí láti ilé tí kò rí jájẹ, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ fún un ní bàtà, olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin, lè di ọkọ rẹ̀, kí ó di alákòóso rẹ̀, kí ó sì di ẹni tí ń tọ́jú ìwé báǹkì àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Agnes Tirop, tí ó ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ lẹ́ẹ̀mejì nínú mítà 10,000 ní ìdíje àgbáyé, ni wọ́n gún pa nílé rẹ̀ ní Iten ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n sì fẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí Rebecca Cheptegei ará Uganda sá máratọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì ní Paris, wọ́n da epo bẹntiróòlù sí i lára, wọ́n sì dáná sun ún. Ilẹ̀ tí ó rà ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn asáré obìnrin Kẹ́ńyà, Viola Cheptoo àti Joan Chelimo lára wọn, dá ẹgbẹ́ Tirop's Angels sílẹ̀ láti máa ran àwọn tí ó wà nínú irú ewu yìí lọ́wọ́. Ó dùn mí pé lẹ́yìn ikú ni ọ̀pọ̀ wa tó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, iṣẹ́ yìí lè gùn ju bí a ti rò lọ, pàápàá fún ẹni tí ó bá fi pápá sílẹ̀ lọ sí ojú títì nígbà tí ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Hellen Obiri ti gba ìdíje àgbáyé mítà 5,000 lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sá máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2022. Ní 2023, ó gba Boston, ó sì gba New York. Derartu Tulu gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 1992, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2009, ó ṣì gba máratọ́ọ̀nù New York ní ẹni ọdún 37. Edna Kiplagat ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 41 nígbà tí ó ṣe ipò kejì ní Boston ní 2021. Nígbà tí wọ́n rí oògùn lára ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, ipò kìíní bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 2024, ní ẹni ọdún 44, ó tún padà sí Boston, ó sì ṣe ipò kẹta, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 23 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21, èyí tí ó yára ju àkókò tí Joan Benoit fi gba góòlù ní 1984 lọ.